Bí kọ̀ǹpútà bá túbọ̀ ń gbóná lẹ́yìn tí a fi ìpara tuntun sí prósẹ́sọ̀ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń rà ní Tchaada, ní Igolo àti káàkiri Ifangni ló jẹ́ àlòkù. Ìpara tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ wọn àti radiateur, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pâte thermique, sábà máa ń ti gbẹ kó tó dé ọwọ́ wa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ra ìpara kékeré kan, á tú kọ̀ǹpútà, á nu ti àtijọ́ kúrò, á fi tuntun sí i. Ó yẹ kí wàhálà parí síbẹ̀. Àmọ́ nígbà mìíràn, ṣe ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún á tún gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á máa hó, á sì kú lójijì láàárín iṣẹ́. Wọ́n á wá ní prósẹ́sọ̀ ti jóná, kí ẹ lọ ra kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ẹ má tíì gbé e sọnù o. Prósẹ́sọ̀ kì í ṣàdédé jóná bẹ́ẹ̀. Bó bá ti gbóná dé ibì kan, fúnra rẹ̀ ni yóò dín eré kù. Bí ìyẹn ò bá tó, yóò pa kọ̀ǹpútà. Kíkú yẹn gan-an ni ààbò rẹ̀. Máàkì àwọn ọmọ iléèwé, ìṣirò owó ẹgbẹ́, fọ́tò ìsìnkú ìyá àgbà, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú disque dur. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ tàn án, kí ẹ sì da àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kọ sórí clé USB. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá àléébù.

Ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tí ìpara ń ṣe ná. Prósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè máa tú ooru wáàtì 65 jáde, bíi ti gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, láti ara nǹkan tó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Radiateur ló ń gba ooru yẹn, abẹ̀bẹ̀ ló sì ń fẹ́ ẹ dànù. Ojú irin méjèèjì dán lójú wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní kòtò wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí, atẹ́gùn ló sì wà nínú kòtò náà. Atẹ́gùn kì í gbé ooru kọjá dáadáa. Ìpara ń gbé e kọjá ju atẹ́gùn lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ bàbà tún ju ìpara lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Iṣẹ́ ìpara ò ju kó dí kòtò lọ. Tó bá nípọn, ó di kúbùsù tí a dà bo ẹni tó ń làágùn.

Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ wo bó ṣe ń yára gbóná, torí àkókò ló máa sọ ibi tí àléébù wà. Bí kọ̀ǹpútà bá ti ń tàn, ẹ tẹ F2 tàbí Suppr léraléra kí ẹ lè wọ BIOS. Òǹkà ooru prósẹ́sọ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Nínú Windows, HWMonitor tí à ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ á fi hàn yín. Bí kọ̀ǹpútà ò bá ṣe iṣẹ́ kan, dígírì 35 sí 55 kò burú. Tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, 70 sí 85 ṣì dára. Láti 95 sí 100, ó ti dé ẹnu ààlà. Ẹ má sì retí òǹkà ilẹ̀ olótùútù: inú yàrá wa fúnra rẹ̀ lè gbóná tó 33 nínú oṣù Ẹrẹ́nà, prósẹ́sọ̀ kò sì lè tutù ju atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lọ.

Bó bá fò láti 40 dé 90 láàárín ìṣẹ́jú kan péré, radiateur ò jókòó dáadáa lórí prósẹ́sọ̀. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, tó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ogún, ó ṣeé ṣe kí ìpara má jẹ̀bi rárá. Afẹ́fẹ́ ni kò ráyè kọjá.

Ti àkọ́kọ́ yìí ló wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìpara tuntun. A mọ̀ ọ́n, torí ó ti ṣe àwa náà. Kọ̀ǹpútà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lò, ẹ̀ẹ̀mẹta la pààrọ̀ ìpara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú. Ìpara là ń bú. Ìgbà tí a yọ carte mère jáde tí a wo abẹ́ rẹ̀ ni a rí i pé ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ oníke mẹ́rin tó di radiateur mú kò wọlé tán. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dún “kà” kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Ẹ tẹ méjì tó dojú kọra ní ìgun sí ìgun, lẹ́yìn náà méjì yòókù. Bó bá jẹ́ vis ló ní, ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ ní ìgun sí ìgun bẹ́ẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, wọ́n sábà máa ń kọ 1, 2, 3, 4 sẹ́gbẹ̀ẹ́ vis. Ẹ tẹ̀ lé e.

Ẹ yọ okùn iná àti bátìrì, kí ẹ wá tú radiateur. Ẹ má yára nu ún o! Àmì tí ìpara fi sílẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tó fẹ́lẹ́ níbi gbogbo, ó fara kan dáadáa. Bó bá nípọn ní ẹ̀gbẹ́ kan, radiateur wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ibì kan bá wà bí ẹ ṣe fi í síbẹ̀ gẹ́lẹ́, ibẹ̀ kò kan irin rárá. Bí radiateur bá jẹ́ tuntun, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bò ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn oníṣẹ́ pàápàá máa ń gbàgbé rẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé radiateur kúrò ni ẹ gbọ́dọ̀ nu ìpara dànù kí ẹ fi tuntun sí i. Alcool 90 tí wọ́n ń tà ní ilé òògùn dára fún un. Sódábì kọ́ o, omi inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan sí ẹ̀wà kékeré kan láàárín ti tó. Radiateur ni yóò tẹ̀ ẹ́ fẹ̀. Nínú alágbèéká, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gbogbo ojú dígí prósẹ́sọ̀. Àwọn kan ń fi ọṣẹ ìfọyín dípò ìpara: láìpẹ́, omi inú rẹ̀ á gbẹ, á sì le gbagidi. Wọ́n tilẹ̀ ti bi wá nípa òrí. Òrí tó ń yọ́ nínú oòrùn ọjà, ṣé inú ooru 80 ló máa dúró? Ìpara onírin olómi tí wọ́n ń polówó náà, ẹ yẹra fún un, torí ó ń jẹ alúmíníọ́ọ̀mù, iná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá rí rọ́bà rírọ̀ lórí àwọn ègé kéékèèké tó yí prósẹ́sọ̀ ká, ẹ dá a padà síbi tó wà. Ìpara ò lè dí àlàfo tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ti afẹ́fẹ́ wá ńkọ́? Ilẹ̀ pupa wa àti eruku ọyẹ́ ló sábà ń fà á. Nínú alágbèéká, eruku máa ń hun bí àkéte láàárín abẹ̀bẹ̀ àti eyín radiateur, níbi tí ẹ kò lè rí i láti ìta. Ẹ yọ abẹ̀bẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kó o kúrò. Bí ẹ bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ fi ìka di abẹ̀bẹ̀ mú kó má yí. Kí ẹ tún wò ó bóyá okùn abẹ̀bẹ̀ wà níbi tí wọ́n kọ CPU_FAN sí. Ẹ má gbé alágbèéká lé orí ibùsùn, aṣọ ń dí ihò rẹ̀.

Bó bá ṣì ń gbóná, ẹ tẹ Ctrl, Maj àti Échap pọ̀, kí ẹ wo ètò tó ń jẹ prósẹ́sọ̀ tán. Fáírọ́ọ̀sì lè wà níbẹ̀. Ẹ tún lè lọ sí Options d'alimentation, kí ẹ gbé “État maximal du processeur” sí 99 dípò 100. Prósẹ́sọ̀ kò ní sáré àsáré mọ́, ooru á sì dín kù. Bó bá ṣì ń kú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé e tọ oníṣẹ́ lọ, kí ẹ sọ fún un iye ìṣẹ́jú tó gbà kó tó dé 90, àti bí àmì ìpara ṣe rí nígbà tí ẹ tú u.