Ilẹ̀ Tí Wọ́n Sọ Ní Ayérayé

Ẹ jẹ́ ká ti inú kànga bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ní ọdún 1828, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Fyodor Shergin ń wá omi ní ìlú Yakutsk, ní Siberia, ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Odò Lena kò jìnnà síbẹ̀, àmọ́ tí òtútù bá dé, odò náà á di yìnyín. Yìnyín yẹn làwọn èèyàn máa ń gé lọ yọ́ nílé kí wọ́n tó rí omi lò. Shergin bá ní kí wọ́n gbẹ́ kànga. Wọ́n gbẹ́ ẹ fún bí ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n wọlẹ̀ tó mítà 116, wọn ò kan omi. Ilẹ̀ tó dì gbagidi ni wọ́n ń bá títí wọ́n fi jáwọ́.

Omi ò jáde, ìmọ̀ ló jáde. Láàárín 1844 sí 1846, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Alexander von Middendorff, wọn bí kànga náà ṣe tutù tó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó ṣe ń jìn sí i ni òtútù ń dín kù díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá ṣì dì. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù ti ń jiyàn pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kànga tí kò lómi ló parí àríyànjiyàn náà.

Irú ilẹ̀ yìí ni Òyìnbó ń pè ní permafrost lónìí: ilẹ̀ tó dì fún ọdún méjì gbáko, ó kéré tán, láì yọ́. Ọdún méjì péré o! Lóòótọ́, òmíràn ti wà bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó sì gba ibi tó ju ìdajì ilẹ̀ Rọ́ṣíà lọ. Nígbà tí Mikhail Sumgin kọ ìwé lé e lórí ní 1927, orúkọ tó fún un túmọ̀ sí "dídì ayérayé". Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ò fara mọ́ ọn. Sumgin fúnra rẹ̀ gbà pé dídì náà ń fà sẹ́yìn láwọn ibì kan. Síbẹ̀, orúkọ yẹn ló mọ́ aráyé lẹ́nu. Wọ́n ní orúkọ ń roni. Ti ilẹ̀ yìí, àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ló rò.

Wọ́n kọ́ ìlú lé e lórí. Ẹ wo Norilsk, lókè Àríwá pátápátá, níbi tí níkẹ́ẹ̀lì àti bàbà pọ̀ sí nínú ilẹ̀. Láti 1935, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ìjọba Stalin ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti wa kùsà, kí wọ́n sì kọ́ ìlú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilé tó ń gbóná á yọ́ ilẹ̀ abẹ́ ara rẹ̀, ilé á rì, ògiri á sán. Ẹnjiníà kan tó ti ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Mikhail Kim, wà lára àwọn tó wá ọ̀nà àbáyọ. Wọn á gbẹ́ ihò, wọn á ri òpó kọnkéré sínú rẹ̀, ilẹ̀ á tún dì mọ́ òpó náà ṣinṣin. Wọn á gbé ilé lé òpó lórí, wọn á fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa fẹ́ kọjá. Ilé ń gbóná lókè, ilẹ̀ ń tutù nísàlẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni.

Yorùbá ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kim àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fi itọ́ mọlé. Òtútù ìgbà ayé wọn ni wọ́n fi ṣe ìṣirò, ojú ọjọ́ sì ti yí padà. Láti nǹkan bí 1979, agbègbè Àríwá yìí ti ń gbóná ní bí ìlọ́po mẹ́rin bí gbogbo ayé ṣe ń gbóná. Ilẹ̀ náà ò tiẹ̀ ní láti yọ́ tán kó tó di wàhálà: bí òtútù rẹ̀ bá ti dín kù, ọwọ́ tó fi di òpó mú á máa dẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2020, ìdí táǹkì epo dísù kan rì ní Norilsk. Nǹkan bí 21,000 tọ́ọ̀nù epo ló tú dànù. Odò Ambarnaya pọ́n bí osùn. Ilé iṣẹ́ tó ni táǹkì náà, Norilsk Nickel, ní ilẹ̀ tó ń yọ́ ló fà á. Àjọ ìjọba tó ṣèwádìí ní àbùkù wà nínú bí wọ́n ṣe yàwòrán rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ní 2021, ilé iṣẹ́ náà san ìtanràn tó ju owó rúbù bílíọ̀nù 146 lọ. Lójú tèmi, ẹjọ́ méjèèjì kò ta kora. Ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀ òun lè rọ̀ á máa yẹ òpó wò. Ẹni tó gbà pé ayérayé ni, kí ló fẹ́ máa yẹ̀ wò?

Àwọn Sakha, tí wọ́n ti ń gbé lẹ́bàá odò Lena kí àwọn ará Rọ́ṣíà tó dé, máa ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ dídì. Buluus ni wọ́n ń pè é: fíríìjì tí kò gba iná, ibi tí wọ́n ń kó ẹran àtẹja pamọ́ sí. Omi ti ń wọ inú àwọn kan báyìí, ohun tó wà nínú wọn sì ń bàjẹ́.

Kànga Shergin ṣì wà ní Yakutsk, ìlú tí èèyàn tó ju 300,000 ń gbé. Láwọn ìlú bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ri ọ̀pá onírin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, èyí tó ń fa ooru jáde nínú ilẹ̀ nígbà òtútù. Nígbà ayé Shergin, ilẹ̀ yẹn dì ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ. Lónìí, owó ni wọ́n ń ná kó má baà yọ́.