Àkàbà Láàárín Títì

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n fi àdéhùn sí. Ọjọ́ Ẹtì ni, 8 oṣù kẹjọ ọdún 1969, ní Abbey Road, lápá àríwá London. Àwọn ọmọbìnrin tó máa ń dúró sẹ́nu géètì sítúdíò EMI mọ àkókò àwọn Beatles bí ẹni mọ àkókò ilé ìwé. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń dé, ní nǹkan bí aago méjì àbọ̀. Nítorí àwọn ọmọbìnrin náà ni iṣẹ́ òní ṣe bọ́ sí àárọ̀.

Ooru ti ń mú. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni London máa ń rí irú oòrùn bẹ́ẹ̀.

Aṣọ tó wu kálukú ló wọ̀. John Lennon wọ súùtù funfun láti òkè délẹ̀. Ringo Starr wọ dúdú. Paul McCartney wọ súùtù, ó ṣí ọrùn ẹ̀wù sílẹ̀, kò so táì. Tommy Nutter, télọ̀ tó wà ní Savile Row, ló rán ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. George Harrison kò bá wọn dá sí ti súùtù: jíìnsì ló wọ̀ sókè, jíìnsì ló wọ̀ sísàlẹ̀. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ Paul.

Linda, ìyàwó Paul, gbé kámẹ́rà tirẹ̀ wá. Bí wọ́n ti ń dúró, ó ń yà wọ́n. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù; ogún ọjọ́ ló kù tí yóò bímọ.

Bébà kan wà tí Paul ti ya nǹkan sí ṣáájú. Ìlà títì ni, àti ọmọ ènìyàn kéékèèké mẹ́rin tó ń sọdá. Iain Macmillan, ẹni tí yóò ya fọ́tò ojú páálí àwo wọn tuntun, ti ya tirẹ̀ sí igun bébà kan náà, tirẹ̀ sì fara balẹ̀ jù. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ kò ju ìyẹn lọ. Wọ́n ti kọ́kọ́ rò ó pé kí àwo náà máa jẹ́ Everest, orúkọ sìgá tí Geoff Emerick, ẹni tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, máa ń fà. Wọ́n tilẹ̀ ti sọ ọ́ pé kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí òkè Himalaya lọ ya fọ́tò ibẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ bá ẹnì kejì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà sítúdíò wà nítòsí.

Aago mọ́kànlá àbọ̀ ku díẹ̀. Wọ́n gbé àkàbà kan sí àárín títì. Macmillan gun un. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, ọmọ Scotland, ọ̀rẹ́ Yoko Ono àti John. Kámẹ́rà Hasselblad ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́ńsì tó gba ibi fífẹ̀. Irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ kì í yan ohun tí yóò rí. Igi ìhà méjèèjì títì wọ inú rẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n páàkì wọ inú rẹ̀. Ẹni tó kàn ń kọjá lọ náà wọ inú rẹ̀. Oòrùn sì tàn tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yóò hàn bí ohun tó wà nítòsí.

Ọkọ̀ ìjàpá funfun kan wà lápá òsì, ó gun etí títì díẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ni LMW 281F. Ẹnì kan tó ń gbé ládùúgbò ló ni ín. Lápá ọ̀tún, mọ́tò dúdú àwọn ọlọ́pàá dúró. Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wòran. Lápá òsì lọ́hùn-ún, àwọn ọkùnrin mẹ́ta dúró pọ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wọn kúrò.

11:35. Ọlọ́pàá kan dá mọ́tò dúró lẹ́yìn àkàbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún Macmillan.

John ló ṣíwájú. Ringo tẹ̀ lé e. Paul ìkẹta. George kẹ́yìn. Wọ́n sọdá lórí ìlà funfun náà. Kámẹ́rà ká wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n yí padà, wọ́n tún sọdá. Ó di ẹ̀ẹ̀kejì. Sálúbàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ Paul.

Ó bọ́ wọn.

Ooru ló fà á, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn náà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ lásán lé títì, ó sì bọ́ sáàárín Ringo àti George bíi ti tẹ́lẹ̀. Sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi mú un, bẹ́ẹ̀ ọlọ́wọ́ òsì ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni ẹsẹ̀. Ẹni mẹ́rin kì í ṣe ṣójà. Bí ọ̀kan bá na ẹsẹ̀, òmíràn ti kó tirẹ̀ jọ, ìlà náà á sì dà bí ẹni pé wọ́n kàn pàdé ara wọn lọ́nà. Orí àkàbà ni Macmillan ti ń dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò ṣí pa pọ̀.

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Ìhà sítúdíò ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ń lọ sí òdìkejì. John ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ti Ringo, bẹ́ẹ̀ ni ti George. Ti Paul nìkan ló yàtọ̀: ọ̀tún ló gbé síwájú, lásán. Gbogbo ẹsẹ̀ ló ṣí. Kámẹ́rà ká a.

Ẹ̀ẹ̀kẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn, Macmillan sọ̀kalẹ̀, mọ́tò sì ń lọ. Kò tíì tó aago méjìlá.

Sítúdíò kò tíì fẹ́ wọn. George bá Mal Evans, tó ń bá wọn ṣètò nǹkan, lọ wo ẹranko ní ọgbà ẹranko Regent's Park. Ringo lọ ra nǹkan. Paul mú John lọ sílé rẹ̀ ní Cavendish Avenue, kò jìnnà sí ibẹ̀.

Macmillan ṣì ní ẹ̀yìn páálí láti yà. Orúkọ títì tí wọ́n fi táìsì kọ sára ògiri ló ń wá, ó sì rí ọ̀kan. Bó ṣe ń yà á ni ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ búlúù rìn kọjá níwájú kámẹ́rà. Inú bí i. Fọ́tò tí ọmọbìnrin náà bà jẹ́ yẹn ni wọ́n lò níkẹyìn.

Aago méjì àbọ̀ ọ̀sán. Wọ́n wọ sítúdíò kejì. Orin tó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní "Ending" nígbà náà. Wọ́n lu ìlù tuntun sí i, wọ́n ta gìtá béèsì sí i. Wọ́n bọ́ sórí òmíràn. Alẹ́ ti lẹ́ kí wọ́n tó parí, ó ti kọjá aago mẹ́sàn-án. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, bí ọjọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Paul fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó mú ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Kosh, ẹni tó to páálí náà, ní kí wọ́n má kọ orúkọ ẹgbẹ́ síwájú rẹ̀ rárá. Ta ni kò mọ̀ wọ́n?

20 oṣù kẹjọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní sítúdíò Abbey Road pa pọ̀. 22 oṣù kẹjọ. Wọ́n ya fọ́tò ní Tittenhurst Park, ilé John. 20 oṣù kẹsàn-án. Ní ọ́fíìsì wọn ní Savile Row, John sọ pé òun ti kúrò nínú ẹgbẹ́. Àdéhùn owó tuntun wà lórí tábìlì pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ń ta àwo wọn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́ síta. Ó gbà. 26 oṣù kẹsàn-án, àwo náà bọ́ sọ́jà.

12 oṣù kẹwàá. Ẹnì kan pe ilé iṣẹ́ rédíò WKNR ní Detroit pé Paul McCartney ti kú tipẹ́, pé ẹlòmíràn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Michigan gbé e jáde, ó sì ti ojú páálí náà fa ẹ̀rí yọ. Ẹsẹ̀ lásán: bí wọ́n ṣe ń tẹ́ òkú nìyẹn, wọ́n ní. Ọkùnrin tó wọ funfun ni àlùfáà, ẹni tó wọ dúdú ni asìnkú, onijíìnsì ló gbẹ́ sàréè. Ẹsẹ̀ Paul kò bá tàwọn yòókù mu. Ọlọ́wọ́ òsì fi ọwọ́ ọ̀tún mú sìgá. Àwọn tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ ìjàpá kà á sí 28IF, ìyẹn ni pé ẹni ọdún 28 ni ì bá jẹ́ ká ní ó wà láàyè. Ẹni ọdún 27 ni Paul lóòótọ́. Ìyẹn kò dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń jí nọ́ńbà náà yọ lára mọ́tò onímọ́tò. Ohun tí ẹnì kankan kò kà sí ẹ̀rí ni ibi tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ ẹ̀yìn sí.

Ìwé ìròyìn Life rán ènìyàn lọ bá Paul ní oko rẹ̀ ní Scotland. Nínú ẹ̀dà 7 oṣù kọkànlá, òun, Linda àti àwọn ọmọ wà lójú páálí, gbogbo wọn lálàáfíà. Ó ní òun kò kú. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà, ó sọ ọ́ ketekete pé ti Beatles ti parí. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé rí i pé ó ń mí, wọ́n ṣí ìwé lọ. Ó tó oṣù márùn-ún kí Daily Mirror tó gbé e sí ojú ewé kìn-ín-ní, 10 oṣù kẹrin 1970, bí ìròyìn tuntun.