Diébédo Francis Kéré: Ayàwòrán-Ilé Tí Ó Dá Iyì Amọ̀ Padà

Diébédo Francis Kéré jẹ́ ayàwòrán-ilé tí a bí ní ọdún 1965 ní Gando, abúlé kan ní agbègbè Tenkodogo ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso. Ní ọdún 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tí a kà sí ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Amọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò gẹ́gẹ́ bí ohun èlò tálákà, ni ó fi kọ́ ilé tí ó sọ ọ́ di olókìkí.

Baálẹ̀ Gando ni bàbá rẹ̀. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ní abúlé náà, nítorí náà ni Kéré ṣe fi ilé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún méje láti lọ kàwé ní Tenkodogo. Yàrá ìkàwé tí ó bá níbẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó móoru, ó sì ṣókùnkùn. Ní ọdún 1985 ó rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà láti kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Berlin, ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Ó wọ Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti ìlú náà lẹ́yìn náà, ó sì gboyè ní ọdún 2004.

Kò dúró de ìwé-ẹ̀rí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1998 ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti kó owó jọ fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Gando. Àwọn ará ilé kọ́kọ́ kọminú, nítorí wọ́n mọ ohun tí òjò ń ṣe sí ògiri amọ̀. Ó da sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ amọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ di bíríkì líle. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà: àwọn ọmọdé ru òkúta ìpìlẹ̀ wá, àwọn ọ̀dọ́ lu ilẹ̀ yàrá, àwọn obìnrin sì fi òkúta dán an.

Ọgbọ́n ilé náà wà ní òkè rẹ̀. Wọ́n gbé òrùlé páànù ga kúrò lórí àjà bíríkì tí ó ní àlàfo. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba àlàfo náà jáde, èyí tí ó tutù sì ń gba ojú fèrèsé wọlé, láìlo iná mànàmáná. Etí òrùlé náà yọ síta, kí òjò má baà ba ògiri jẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà parí ní ọdún 2001, ó sì gba ẹ̀bùn Aga Khan ní ọdún 2004. Bí wọ́n ti ń fi ilé kún un, iye akẹ́kọ̀ọ́ ti 120 di 700.

Kéré dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Berlin ní ọdún 2005. Ní Koudougou, yangí ni ó fi mọ ògiri ilé-ẹ̀kọ́ girama Lycée Schorge, tí ó parí ní ọdún 2016. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó kọ́ àgọ́ Serpentine ní London. Fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin ní Porto-Novo, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́, ó mú àwòrán rẹ̀ láti ara igi ńlá tí àwọn ará ìlú ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti gbìmọ̀.

Ohun tí Gando jèrè ju ilé lọ. Àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ ti di oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ níbòmíràn, amọ̀ tí wọ́n sì ti fẹ́ pa tì tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀nà oúnjẹ òòjọ́ wọn.