Gbèsè Ìsinmi: Bí Ìwé Iṣẹ́ Ṣe Dá Bàlúù Dúró Nílẹ̀ ní Ọdún 2017

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ẹni tó jẹ gbèsè, tó ń sọ pé ọjọ́ ṣì jìnnà, ọjọ́ ọ̀hún á sáà dé. Gbogbo wa la mọ gbèsè owó. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà tí kì í hàn nínú ìwé báńkì, òun ni gbèsè ìsinmi. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, gbèsè yìí ló ká ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó tóbi jù lọ ní Yúróòpù mọ́ gbangba. Bàlúù ò bàjẹ́. Epo ò wọ́n. Èrò ti sanwó, wọ́n ti di ẹrù wọn. Ẹni tí yóò wa bàlúù ni kò sí. Ṣé wọ́n kú ni? Rárá o. Lífù wọn ló tó gbà.

Ryanair là ń wí. Àwọn ará wa tó ń gbé ní London mọ̀ ọ́n dáadáa, pàápàá àwọn tó ń gba pápákọ̀ òfurufú Stansted kọjá. Ìdílé Tony Ryan ló dá a sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ireland. Ní 1985, bàlúù kékeré oníjókòó 15 ni wọ́n fi ń kó èrò láti Waterford lọ sí Gatwick. Michael O'Leary di ọ̀gá àgbà ní 1994. Ọgbọ́n tó lò ò le: irú bàlúù kan ṣoṣo, Boeing 737, owó tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú, bí bàlúù bá sì balẹ̀, láàrin ìṣẹ́jú 25 ó ti gbọ́dọ̀ tún gbéra. Bàlúù tó bá dúró nílẹ̀ ò pa owó wọlé. Nígbà tó fi máa di 2017, bàlúù wọn ti tó nǹkan bí 400, èrò tí wọ́n kó lọ́dún náà sì lé ní mílíọ̀nù 120.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó bàlúù náà ni wọ́n ń ṣọ́ owó ènìyàn. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ wa 737 lọ́dọ̀ wọn, owó ara rẹ̀ ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á, lẹ́yìn tó ti náwó gọbọi láti gba ìwé àṣẹ awakọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ Ryanair lórí ìwé. Alágbàṣe ni wọ́n, iléeṣẹ́ mìíràn ló kó wọn wá, iye wákàtí tí wọ́n bá fò ni wọ́n ń gbowó lé. Ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ryanair ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ní 1998, àwọn tó ń gbé ẹrù ní Dublin yanṣẹ́ lódì lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí, títí wọ́n fi ti pápákọ̀ náà pa. Ryanair ò yí ohùn padà. Ní 2007, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Ireland dá a láre nínú ẹjọ́ tó jọ èyí. Ó wá dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo rọ́sítà, ìyẹn ìwé tó ń sọ ẹni tí yóò fò, ọjọ́ tí yóò fò, àti ọjọ́ tí yóò sinmi. Àga méjì péré ló wà níwájú 737, ti ọ̀gá awakọ̀ àti ti igbákejì rẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀ lè rò pé bàlúù 400 ò lè gbà ju awakọ̀ 800 lọ. Irọ́ ni. Ó lé ní 4,000 tí Ryanair ní, bíi mẹ́wàá fún bàlúù kọ̀ọ̀kan. Ìdí ni pé bàlúù lè fò láti ìdájí títí di òru, lójoojúmọ́. Ara èèyàn ò gba bẹ́ẹ̀. Bí awakọ̀ wọn bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún, á sinmi ọjọ́ mẹ́rin. Ó ń lọ fún lífù. Àìsàn ń ṣe é. Láti ìgbà dé ìgbà, ó tún gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ ìdánrawò, kí wọ́n wò ó bóyá ó ṣì mọ ohun tó yẹ kó ṣe bí ẹ́ńjìnì kan bá kú lójú òfurufú.

Bí àwọn mẹ́wàá yìí bá sì dín, wọn kì í tà wọ́n lọ́jà. Ẹ̀kọ́ awakọ̀ máa ń gbà tó ọdún kan ààbọ̀ sí méjì. Kíkọ́ 737 fúnra rẹ̀ ń gba oṣù mélòó kan lé e. Kí igbákejì tó lè di ọ̀gá awakọ̀, ó kéré tán, wákàtí tó ti fò gbọ́dọ̀ pé 1,500. Ẹni tí o nílò lónìí, ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló yẹ kí o ti máa wá a.

Òfin náà tún wà níbẹ̀. Òfin Yúróòpù ní awakọ̀ ò gbọ́dọ̀ fò ju wákàtí 100 lọ láàrin ọjọ́ 28, kò sì gbọ́dọ̀ ju 900 lọ lọ́dún. Tí a bá pín 900 sí ọ̀sẹ̀ 52, bíi wákàtí 17 lọ́sẹ̀ ni. Lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, èyí ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí bàlúù bá ń rìn nìkan ni wọ́n ń kà. Jíjí ní aago mẹ́ta òru, yíyẹ bàlúù wò, dídúró de èrò, dídúró de àṣẹ láti gbéra, kò sí ìkankan nínú wọn tó wọ inú 900 yẹn.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Oṣù Kẹrin ni Ryanair ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún tirẹ̀, tí yóò sì parí ní oṣù Kẹta. Ó bá wọn lára mu: nígbà ooru, tí àwọn òyìnbó ń rọ́ lọ sí etí òkun, awakọ̀ á fò dáadáa, nígbà òtútù, tí èrò bá dín, á lọ sinmi. Àjọ tó ń mójútó ọkọ̀ òfurufú ní Ireland wá ní kí wọ́n máa ka ọdún náà láti January sí December bí òfin ṣe wí, kó bẹ̀rẹ̀ láti 2018. Ọdún 2017 wá di olóṣù mẹ́sàn-án fún wọn, oṣù Kẹrin sí oṣù Kejìlá. Lífù ọdún kan gbáko gbọ́dọ̀ wọ inú oṣù mẹ́sàn-án, oṣù ooru tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kí awakọ̀ sinmi sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fò títí ooru fi kásẹ̀ nílẹ̀. Gbèsè wá dé.

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án, Ryanair kéde pé òun yóò fagilé ìrìnàjò 40 sí 50 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìrìnàjò ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, ẹnikẹ́ni tó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì ò wá mọ̀ bóyá tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ jáde lọ́jọ́ 18 ni a tó mọ̀ pé nǹkan bí 315,000 èrò lọ̀rọ̀ kàn. O'Leary jáde síta, ó gbà pé àwọn ni àwọn ṣe àṣìṣe nínú ètò ìsinmi. Àmọ́ ó takú pé awakọ̀ ò wọ́n òun.

Ṣé lóòótọ́ ni? Ibi tí ìtàn ti pín sí méjì nìyí. Iléeṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn awakọ̀ ní ẹni tó ń lọ pọ̀ ju ẹni tó ń bọ̀ lọ. Norwegian, iléeṣẹ́ tó ń bá wọn díje, sọ pé òun nìkan ti gba awakọ̀ 140 lọ́dọ̀ Ryanair lọ́dún yẹn. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ló ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Kàlẹ́ńdà ló mú kí gbèsè náà já lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ilé tó bá ní àlékún ènìyàn, kàlẹ́ńdà ò lè wó o. Rọ́sítà tí wọ́n fún pinpin, bí ẹni mẹ́wàá bá lọ, ó ya nìyẹn.

Wọ́n wá na owó síta. Ọ̀gá awakọ̀ tó bá fi ọjọ́ ìsinmi mẹ́wàá sílẹ̀ á gba 12,000 Yúrò, igbákejì á gba 6,000. Ẹ wo bí ọjà ṣe yí padà! Ìsinmi tí wọn ò kà sí nǹkan kan lánàá ti di ohun tí wọ́n ń fi owó ńlá bẹ̀bẹ̀ fún. Àwọn awakọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibùdó kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kì í ṣe owó ẹ̀ẹ̀kan làwọn ń wá. Àdéhùn iṣẹ́ gidi ni, lábẹ́ òfin ìlú tí kálukú ń gbé. Ẹ rántí pé ọjọ́ kan ṣáájú ìkéde yẹn, lọ́jọ́ 14, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù ti sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ inú bàlúù tó ń ti Charleroi ní Belgium ṣiṣẹ́ lè pe ẹjọ́ wọn ní Belgium, kò di dandan kí wọ́n lọ sí Ireland.

Ní ọjọ́ 27, ẹlẹ́ẹ̀kejì dé, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ: ìrìnàjò 18,000 láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, èrò tó tó 400,000, bàlúù 25 tí yóò dúró nílẹ̀. Àjọ CAA ní Ìlú Ọba halẹ̀ pé òun yóò pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí wọn ò sọ gbogbo ẹ̀tọ́ èrò fún wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, O'Leary ti kọ lẹ́tà sí àwọn awakọ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n ti tú ká sí ibùdó tó lé ní 80 bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pọ̀. Bí Kérésìmesì ṣe ń sún mọ́lé, ìyanṣẹ́lódì ń rùn bọ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, Ryanair sọ ohun tí kò sọ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀: òun ti ṣe tán láti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 22, àwọn awakọ̀ ní Jámánì dáṣẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Wákàtí mẹ́rin péré, ṣùgbọ́n òun ni ìyanṣẹ́lódì àkọ́kọ́ tí awakọ̀ Ryanair máa ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, wọ́n buwọ́ lùwé pẹ̀lú BALPA, ẹgbẹ́ awakọ̀ Ìlú Ọba. Ìjà ò parí síbẹ̀ o: ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, awakọ̀ orílẹ̀-èdè márùn-ún yanṣẹ́ lódì lọ́jọ́ kan náà, ìrìnàjò bíi 400 sì fò ṣánlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Kòrónà dé, tí gbogbo bàlúù ayé sùn sílẹ̀. Ryanair kọ́kọ́ ń halẹ̀ pé òun lè lé tó 3,000 ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ti wà tó ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ní 2020, àwọn awakọ̀ ní Ìlú Ọba gbà kí wọ́n gé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn, kí wọ́n sì máa dá a padà díẹ̀díẹ̀, kí iṣẹ́ má baà bọ́. Nígbà tí èrò tún ya bo pápákọ̀ ní 2022, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ti lé òṣìṣẹ́ lọ ń wá wọn kiri. British Airways fagilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìrìnàjò. Heathrow ní èrò tó máa gbéra ò gbọ́dọ̀ ju 100,000 lọ lójúmọ́. Ryanair, tí ojú tì lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ń fò ju bó ṣe fò ṣáájú Kòrónà lọ. Kì í ṣe pé ó di ẹni mímọ́: lọ́dún yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ inú bàlúù rẹ̀ yanṣẹ́ lódì ní Spain. Ṣùgbọ́n awakọ̀ rẹ̀ wà nílé.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ò mọ sórí bàlúù. Ọ̀gá tó ní ṣọ́ọ̀bù onílé-ìránṣọ, ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì mẹ́ta ń ṣe iṣẹ́ mẹ́fà, iléèwé tí tíṣà kan ń kọ́ kíláàsì méjì, gbogbo wọn ló ní rọ́sítà, yálà wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí wọn ò kọ ọ́. Bí ìwé náà bá pé láìsí àyè fún ẹni tó ṣàìsàn tàbí ẹni tó fẹ́ sinmi, kò tíì pé. Ìsinmi tí o kò jẹ́ kí ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ lọ kò sọnù. Ọwọ́ rẹ ló wà, gbèsè ni, ọjọ́ tí yóò sì wá gbà á, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí èrò ti tò síwájú ọ̀nà tán.