Ọ̀tọ̀ ni Dídán, Ọ̀tọ̀ ni Jíjọ̀lọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé pátákó eré orí omi, àti ìyẹ́ abẹ́ rẹ̀ tó ń gbé e kúrò lójú omi, yóò nílò orúkọ fún agbára tí omi fi ń fà á sẹ́yìn. Ìyẹn kò le. Ìfàsẹ́yìn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìfàsẹ́yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ojú ìyẹ́ náà gan-an ni iṣẹ́ wà.

Àwọn tó ń tún un ṣe a máa fi sáńpépà àti omi họ ọ́, láti orí èyí tó le dé orí èyí tó kúnná. Ìgbà wo ló tó? Ọ̀pọ̀ á ní ìgbà tó bá ń dán. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú la fi ń rí dídán. Ọwọ́ la fi ń mọ jíjọ̀lọ̀, òun sì ni omi mọ̀. Bí eré bá tó mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, hóró tí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 100 mìlímítà lọ kò ní í dí omi lọ́wọ́. Kí a máa mú kó dán lẹ́yìn ìyẹn, ojú lásán là ń ṣe é fún. Bí a fi ìda kùn ún, omi á máa ṣù lórí rẹ̀ bíi ti orí ewé kókò, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kó yá sí i lábẹ́ omi.

Òdìkejì jíjọ̀lọ̀ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ṣákiṣàki ni ti hóró wẹ́wẹ́ tí sáńpépà lè mú kúrò. Gbágungbàgun ni ti ara tí kò tẹ́jú, tó yọ níhìn-ín, tó jìn lọ́hùn-ún; ìka ọwọ́ tó ń tẹ sáńpépà láìfi igi pẹrẹsẹ tì í lẹ́yìn ló máa ń dá a sílẹ̀. Ìyẹ́ lè jọ̀lọ̀ kó sì tún rí gbágungbàgun.

Ní 1904, ní Heidelberg, Ludwig Prandtl ará Jámánì ṣàlàyé pé omi tó kan ara nǹkan máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, àti pé inú ìpele tín-ín-rín tó yí i ká ni ìfarakanra ti ń ṣiṣẹ́. Awọ omi ni mo ń pè é. Inú rẹ̀ ni omi ti lè ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́, tàbí kó dà rúdurùdu. Ibi kan tó họ létí iwájú ìyẹ́ tó láti da èkíní di èkejì, ìfarakanra á sì pọ̀ sí i.

Níbi tó bá ti dà rúdurùdu, jíjọ̀lọ̀ nìkan kọ́ ló ń ranni lọ́wọ́. Ní 1987, ọkọ̀ onígbòkun Stars & Stripes tó gba America's Cup ní Fremantle, ní Ọsirélíà, fi ike olójú fínfín bo ara, tí fínfín náà tẹ̀ lé ipa omi. Ilà ni kí a pè wọ́n, torí ṣe ni a kọ wọ́n sára ike náà. Lónìí, Òfin 53 nínú òfin ìdíje ọkọ̀ onígbòkun ka irú rẹ̀ léèwọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ pa ojú nǹkan wò kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó ìkọ̀wé. Ẹ má sì ṣe kó dídán, jíjọ̀lọ̀ àti títẹ́jú sábẹ́ orúkọ kan.