Ìlò ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú ṣíṣe kátálọ́ọ̀gù ilé ìkàwé yunifásítì

Ìlò ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú ṣíṣe kátálọ́ọ̀gù ni fífi ètò kọ̀ǹpútà tí ń kẹ́kọ̀ọ́ láti inú àpẹẹrẹ ran òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé lọ́wọ́ láti kọ àkọsílẹ̀ nípa ìwé: orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún ìtẹ̀jáde àti àwọn àkòrí tí ìwé náà dá lé. Orúkọ àti ọdún sábà máa ń wà ní ojú ewé àkọ́kọ́. Kò ṣòro fún ẹ̀rọ láti mú wọn. Àkòrí ni iṣẹ́ wà níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí yóò yàn án gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ìwé ń sọ, kí ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí àkójọ àkòrí fọwọ́ sí fún un.

Annif

Annif jẹ́ ètò tí Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Finland bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 2017, tí ó sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ó ń ka àkọsílẹ̀ tí ènìyàn ti ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì ń kọ́ irú ọ̀rọ̀ tí ó máa ń bá àkòrí kọ̀ọ̀kan rìn. Bí a bá fún un ní ìwé tuntun, yóò dábàá àkòrí, pẹ̀lú máàkì tí ó fi bí ó ti dá a lójú tó hàn. A lè pa ìlànà ìṣirò méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ nínú rẹ̀, torí ohun tí ọ̀kan bá fò dá, òmíràn lè rí i. Ní Yunifásítì Jyväskylä, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀ pamọ́ máa ń rí àbá Annif, a yan èyí tí ó bá a mu, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Jámánì náà ń lo Annif.

Àwọn ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ bíi ChatGPT yàtọ̀. Wọ́n lè kọ àkọsílẹ̀ ní ìlànà MARC, èyí tí Henriette Avram ṣe ní Library of Congress, Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1960, kí ó sì gún régé lójú. Ṣùgbọ́n àkòrí inú rẹ̀ lè má sí nínú àkójọ kankan. Annif lè ṣì í yàn, kò lè hùmọ̀ èyí tí kò sí.

Ìwé èdè Yorùbá

Ọ̀pọ̀ àkọlé Yorùbá ni ó wà nínú kátálọ́ọ̀gù láìsí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. “Oko” tí a kọ báyìí lè jẹ́ oko tí àgbẹ̀ ń dá, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ ọdẹ. Òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́ Yorùbá yóò ṣí ìwé wò. Ẹ̀rọ tí a fún ní àkọlé nìkan kò rí ohun tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkọsílẹ̀ ìwé Yorùbá tí ẹ̀rọ lè fi kẹ́kọ̀ọ́ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ bá ti kó ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó sábẹ́ àkòrí kan ṣoṣo, “ewì Yorùbá”, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ yóò máa kó wọn pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá ìjálá nìkan yóò sì máa ṣí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan.