Lẹ́tà T nínú T206: Bí Jefferson Burdick Ṣe Sọ Káàdì Eléré-ìdárayá Lórúkọ

Àpilẹ̀kọ kékeré yìí dá lórí bí àwọn káàdì àtijọ́ tó ní àwòrán eléré-ìdárayá ṣe rí orúkọ. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1880, àwọn ilé-iṣẹ́ tábà máa ń ki páálí pẹlẹbẹ bọ inú àpò sìgá kí sìgá má baà rún. Wọ́n wá tẹ àwòrán sí i, kí oníbàárà lè máa padà wá rà títí yóò fi kó gbogbo rẹ̀ pé. Ní 1887, Allen & Ginter ti Richmond ṣe oríṣi 50: akànṣẹ́, oníjàkadì, agbábéèsìbọ́ọ̀lù àti àwọn mìíràn. Ìpolówó ọjà lásán ni. Ààtàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì parí sí.

Jefferson Burdick, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Syracuse, ló sọ wọ́n lórúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Burdick kò wo ẹni tó wà nínú àwòrán. Ọjà tó gbé káàdì wá àti ìgbà rẹ̀ ló wò. Ó tẹ ìwé àkójọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1939. Nínú ètò tó wá fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn náà, N dúró fún tábà ọ̀rúndún kọkàndínlógún, T fún tábà ọ̀rúndún ogún, E fún súwíìtì àtijọ́, R fún ṣingọ́ọ̀mù. Nọ́ńbà ló ń tẹ̀lé lẹ́tà.

Báyìí ni káàdì tí American Tobacco Company pín láàárín 1909 sí 1911 ṣe di T206. Honus Wagner, agbábéèsìbọ́ọ̀lù Pittsburgh, kò gbà kí wọ́n lo àwòrán òun. Àwọn kan ní kò fẹ́ kí ọmọdé torí rẹ̀ ra tábà. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ owó ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló jáde, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì tà ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là ní 2022. Síbẹ̀, abẹ́ T ni Wagner wà títí di òní.

Láti 1947, Burdick ń kó àkójọ rẹ̀, tó lé ní 300,000, fún Metropolitan Museum of Art ní New York. Àrùn oríkèé ti ká a lọ́wọ́ kò, síbẹ̀ ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé títí di oṣù kìn-ín-ní 1963. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó kú.

Iye káàdì náà ti yí padà, orúkọ rẹ̀ kò yí. Ẹni tó bá pe T206 ti dárúkọ tábà, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Kókó tó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè nìyí: orúkọ lè tọ́jú ìtàn tí owó ti bò mọ́lẹ̀.